Ọ̀wẹ̀ Jẹ́láàní Lórí Kọ̀ǹpútà Ìyá Ìyàwó

Ní Ifangni, bí o bá fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ dalẹ́, sọ fún wọn pé o rí nǹkan gidi gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá ra ayédèrú lọ́wọ́ olè, wọn á bá ọ yọ̀, wọn á ní ojú rẹ là. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń sá fún. Ọyáyẹmí mọ èyí dájú, ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn jù ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó sì la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fáyẹ́misí, ó ti parí o," ni ó wí. Ó jókòó ní pálọ̀, níwájú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí ó fi ń tẹ ìwé fún gbogbo àdúgbò. "Mo ti yọ ètò tó ń darí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dànù, mo ti fi òmíràn tó ń jẹ́ Línọ́ksì sí i. Kò sí kòkòrò nínú rẹ̀ mọ́. Kò sì ná wa ní fíránkì kan."

Ògúnmọ́lá yọ orín kúrò lẹ́nu. "Ta ló fún ọ?"

"Àwọn tó ṣe é ló ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa mú un."

"Kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Wọn ò gba nǹkan kan."

Ògúnmọ́lá rẹ́rìn-ín, ó tutọ́ orín sójú fèrèsé. "Ìyá Fáyẹ́misí, o ti dàgbà ju báyìí lọ. Ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́."

Bí ẹni pé ó mọ ìyà tí obìnrin náà ti jẹ! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ọyáyẹmí fi wá èyí tí yóò bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu. Ifáṣínà, olùkọ́ kan ní Daagbé, ló là á lóye. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tó ṣe ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà ti dẹ́kun àtidí ihò ara rẹ̀, bí ògiri ò bá sì lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ó fún un ní kíléè kan, ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń kó nǹkan láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ó ní kí ó máa ti orí rẹ̀ dán Línọ́ksì oríṣiríṣi wò, láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, títí yóò fi rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọyáyẹmí sì dán wọn wò bí obìnrin tó gbọ́n ṣe ń kan ìkòkò létí kí ó tó rà á. Àkọ́kọ́ lẹ́wà, ṣùgbọ́n kí ó tó ṣí ojú ewé kan, ẹ̀gẹ́ á ti jinná. Èkejì yára, àmọ́ kò dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀kẹta ò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ó rí wúrúwúrú bí ògiri tí wọn kò kùn, ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó mọ bọ́tìnnì ti Faransé, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Àwọn tó ni ín ṣì ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Ó tún jẹ́ kí Ọyáyẹmí fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí òun nìkan mọ̀ ti gbogbo ikùn kọ̀ǹpútà pa. Èyí ni ó mú. Kò sí ẹni tó bá a yan ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ohun tó sì fà á tí ó fi ń ṣe gbogbo èyí, Ògúnmọ́lá mọ̀ ọ́n. Mésíè Fábíyìí, olùdarí ilé-ẹ̀kọ́, ni ó máa ń gbé ìbéèrè ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta wá fún Ọyáyẹmí láti tẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló sì ń gbé ilé náà ró. Ní ìdánwò tó kọjá, ìbéèrè ìṣirò ti dé orí fóònù àwọn ọmọ kan kí ó tó dé ọwọ́ olùkọ́. Inú kọ̀ǹpútà Ọyáyẹmí ló ti jáde: kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí ń da ìwé tó bá rí sínú kíléè gbogbo ẹni tó bá wá tẹ fọ́tò. Mésíè Fábíyìí kò pariwo. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, ní aago mẹ́rin, pẹ̀lú ìbéèrè tuntun. Bí ẹ̀rọ bá mọ́, òun á gbé e kalẹ̀. Bí kò bá mọ́, òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Daagbé, òun ò sì ní í padà wá mọ́.

"Ìyà tí mo jẹ tó," ni Ọyáyẹmí wí, ó sì pa ẹ̀rọ náà.

Ògúnmọ́lá fi orín sẹ́nu padà. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀. "Ọ̀wẹ̀ wà lónìí o," ni ó sọ lójijì. "Jẹ́láàní ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì."

Jẹ́láàní ni ó fẹ́ fẹ́ Fáyẹ́misí, ọmọbìnrin wọn. Gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ mọ̀ pé ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ kó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn wá fi ara ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, kí àwọn aládùúgbò rí i. Àkànní, ọ̀rẹ́ Ògúnmọ́lá, ni àna rẹ̀ kan páànù sórí ilé fún ní ọdún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni Àkànní ti ń pe gbogbo èèyàn wá wo òrùlé, bí ẹni pé wọn ò rí òrùlé rí. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ Ògúnmọ́lá lára bí kúrùnà.

"Òní kẹ̀?" ni Ọyáyẹmí bi í. "Oòrùn ti yọ kí ẹ tó rántí sọ ọ́? Kí ni mo fẹ́ sè?"

"Amíwò ni kí o rò. Kí o pa àkùkọ yẹn."

"Àkùkọ kan ṣoṣo tó kù lágbàlá?"

"Ṣé ẹ̀kọ lásán ni kí a gbé ka iwájú àna?"

Inú Ọyáyẹmí bí i, ṣùgbọ́n ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Koríko ti bo ẹ̀gẹ́ wọn ní Lagbé mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin mẹ́ta á sì wúlò níbẹ̀. Kò béèrè ibi tí iṣẹ́ wà. Ta ní í béèrè bẹ́ẹ̀? Oko ni ọ̀wẹ̀, tàbí orí ilé. Ògúnmọ́lá náà kò sọ fún un. Ó dìde, ó bọ́ sí ìta, ó ń kọrin sínú.

Fortunée tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì ọgbà yọ orí wọlé nígbà tí Ọyáyẹmí ń tu ìyẹ́ àkùkọ. Obìnrin yìí kì í lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìyá Fáyẹ́misí, mo gbọ́ pé ẹ gbé ohun ọ̀fẹ́ wọlé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá ló ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta bẹntiró lójú títì. Háà, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n iyọ̀ gan-an, wọn kì í bù ú fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí gbogbo ayé ń lò ńkọ́?"

"Èyí tí gbogbo ayé ń lò ló tú mi fó."

"Bọ̀n, ó dáa," ni Fortunée wí, ó sì bu àgbàdo lílọ̀ díẹ̀ sínú àwo rẹ̀ láìtọrọ. Kò náání pé ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà.

Nígbà tí ó di aago kan, alùpùpù méjì dúró níwájú ilé. Ọyáyẹmí gbọ́ ìró ẹ̀rín àti ìkíni láti ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé. Kò jáde. Ìyá ìyàwó kì í yọjú sí àwọn ọlọ́wẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí, oúnjẹ ni yóò gbé jáde kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Ó dúró ti iná rẹ̀, ó ń ro amíwò, ọkà àgbàdo tí wọ́n fi ọbẹ̀ rò pọ̀, tòmátò pupa àti epo ń ta sí i lápá. Fáyẹ́misí jókòó tì í, ó ń gé àlùbọ́sà. Ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

"Wọ́n á ti dé Lagbé báyìí," ni Ọyáyẹmí wí nígbà tó yá.

Fáyẹ́misí gbé ojú sókè, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wo àlùbọ́sà.

Aago mẹ́ta ku díẹ̀ ni Fortunée padà dé. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé àwo dání. "Ìyá Fáyẹ́misí, irú oko wo ni bàtà funfun ń lọ? Mo wo ojú fèrèsé yín, àwọn àna yín wà ní pálọ̀. Wáyà ni wọ́n ń fà káàkiri."

Ọyáyẹmí ju igi ìrokà sílẹ̀. Kò rántí pé ìyá ìyàwó ni òun.

Bàtà funfun mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n tò ó dáadáa. Nínú ilé, Jẹ́láàní ló jókòó sórí àga rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dúró lọ́tùn-ún lósì, ọ̀kan ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Ògúnmọ́lá gbé ìgò ọtí sódàbì lé orúnkún, ojú rẹ̀ ń dán. Jẹ́láàní ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìgóló, lẹ́bàá ẹnubodè, pátákó rẹ̀ tóbi ju ṣọ́ọ̀bù náà lọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé dókítà kọ̀ǹpútà ni òun. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju ti ìyàwó tí ó fẹ́ fẹ́ lọ. Ó rí Ọyáyẹmí, ó dọ̀bálẹ̀ kíákíá.

"Màmá, ẹ kú iná o! Ẹ wá wo iṣẹ́ wa!"

Ọyáyẹmí wò ó. Ojú kọ̀ǹpútà ń tàn yòò, òkè aláwọ̀ búlúù àti òdòdó ló wà níbẹ̀. Línọ́ksì rẹ̀ ti lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, wọ́n wó ògiri.

"Kí lẹ ṣe?" ni ó bi í.

"Màmá, ohun tí mo bá lórí rẹ̀ yẹn ò yẹ yín. Ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan kí òun tó ṣí. Mo ní, ṣé ilé àna mi ni wọ́n á ti máa béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi? Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èyí tí gbogbo ayé ń lò, kọ̀ńpílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ni mo fi sí i fún yín. Ó wọ́n gan-an níta."

"Èló lo rà á?"

Jẹ́láàní wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Àwa ò rà á, Màmá. Àwọn kan ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

"Àwọn wo?"

"Wọ́n wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"O mọ̀ wọ́n?"

"Ta ló mọ̀ wọ́n!"

"Ọ̀fẹ́ ni tìrẹ náà nìyẹn."

"Rárá o, Màmá! Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó..."

"Ó jí i ni," ni Fáyẹ́misí wí lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà.

Ọyáyẹmí tẹ̀ síwájú. Àmì pupa kan wà ní igun ojú ẹ̀rọ, ó ń sọ pé ẹ̀ṣọ́ kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ìka tọ́ka sí i.

"Ìyẹn? A ní láti pa ẹ̀ṣọ́ yẹn ná, Màmá. Bí a ò bá pa á, kì í jẹ́ kí èyí wọlé."

Gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Bí àlejò bá ní kí o kọ́kọ́ lé ọdẹ lọ kí òun tó lè wọlé rẹ, ṣé o ṣì nílò kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ? Jẹ́láàní sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Kò tíì sọ ọ́ tán tí àwòrán tẹ́tẹ́ kan fi fò jáde sójú kọ̀ǹpútà, ọmọbìnrin kan ń mi èjìká, ó ní kí wọ́n wá fi owó sí i. Ọyáyẹmí tì í. Òmíràn jáde.

"Kíléè mi dà? Èyí tí Línọ́ksì wà lórí rẹ̀, nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì?"

Jẹ́láàní fà á yọ lára ẹ̀rọ, ó fi hàn án. "Òfìfo ni, Màmá. Ẹ̀rọ ní òun ò lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀, ó ní kí n fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo sì fi ti wa sórí rẹ̀. Ẹ lè máa fi tún ti àwọn ọ̀rẹ́ yín ṣe."

Ọyáyẹmí jókòó sórí àpótí. Ifáṣínà ti lọ sí Àjàṣẹ́ láti àná, ọjọ́ Ajé ni yóò dé. Láti tún un fà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ní, ilẹ̀ á ṣú, á sì tún mọ́. Aago ara ògiri sì ti kọjá mẹ́ta.

"Bàbá Fáyẹ́misí, ẹ̀yin ni ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni," ni Ògúnmọ́lá wí. "Ṣé kí n kó dókítà kọ̀ǹpútà lọ máa tu koríko? Iṣẹ́ tí ó mọ̀ ni mo gbé fún un. Òrùlé Àkànní dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí? Wo bí ó ṣe ń tàn!"

"Mo sọ fún yín láàárọ̀ pé ó ti mọ́."

"Ọ̀fẹ́ ni o sọ fún mi! Má bá àna mi wí níwájú mi o. Àna kì í ṣe ọmọ ẹni."

Ọyáyẹmí yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un," ni ó wí. Ó dìde, ó padà sí ilé ìdáná. Ìsàlẹ̀ amíwò ti jó.

Síbẹ̀ ó bù ú. Ṣé ó lè ṣe kí ó má bù ú? Bí ọlọ́wẹ̀ bá kúrò nílé àna láìjẹun, gbogbo Ifangni ni yóò gbọ́, Fortunée ni yóò sì kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó yọ ibi tó jó kúrò, ó to àkùkọ sórí rẹ̀ nínú abọ́ ńlá, itan lókè. Fáyẹ́misí gbé e lọ síwájú àwọn ọkùnrin náà, ó gbé omi ìfọwọ́ tì í. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ ọwọ́ ni alùpùpù Mésíè Fábíyìí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Aago mẹ́rin géérégé ni. Mésíè Fábíyìí bọ́ fìlà, ó kí gbogbo ilé. Àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa yípo. Ó fojú wá Ọyáyẹmí, tó ti tẹ̀lé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀.

"Màdáàmù, mo ti dé o. Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́ o, mésíè dìrẹ́tọ̀!" Ògúnmọ́lá ti dìde. "Àna wa ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Ẹ wo bí ó ṣe ń dán bíi dígí!"

Jẹ́láàní tẹrí ba. Mésíè Fábíyìí wo òkè búlúù àti òdòdó náà, ó ṣe bí ẹni tí ó tẹ́ lọ́rùn. Kí ló mọ̀ nínú rẹ̀? Olùkọ́ ni, ojú lásán ló fi ń wò ó. Àwòrán tẹ́tẹ́ náà kò sì jáde lásìkò yẹn, bí ẹni pé ó gbọ́n.

"Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, Màdáàmù," ni ó wí.

Gbogbo wọn wo Ọyáyẹmí. Fortunée wà létí ọgbà, kò díbọ́n pé nǹkan mìíràn ni òun ń ṣe. Ojú Ògúnmọ́lá ń bẹ̀ ẹ́, ó sì tún ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bí ó bá sọ ọ́, iṣẹ́ á dúró sílé, àna á gba iyì, ọkọ á sùn dáadáa. Ó rántí àwọn ọmọ Lagbé tí òbí wọn kò ní fóònù, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn wá ṣe ìdánwò. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni àwọn tó ti ka ìbéèrè tẹ́lẹ̀ yóò jókòó sí. Ìdí rẹ̀ tí ó fi jókòó ti ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, kì í ṣe owó nìkan.

"Ó mọ́ láàárọ̀," ni Ọyáyẹmí wí. "Kò mọ́ mọ́."

Mésíè Fábíyìí yíjú sí ẹ̀rọ náà. "Ẹ lè tún un ṣe kí ó tó di ọ̀la?"

"Rárá. Ohun tí mo fẹ́ fi tún un ṣe ni wọ́n fọ̀ dànù."

"Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti àpò ìwé náà sínú ẹ̀wù, ó sì tẹrí ba fún Ọyáyẹmí, èyí tí kò ṣe rí. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi." Ó dé fìlà, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Daagbé lọ.

Wọ́n gbọ́ ìró alùpùpù náà títí ó fi kú.

"O ti tà wá," ni Ògúnmọ́lá wí. "Níwájú àna! Níwájú àlejò! Kí ni ìbá pa ọ́ bí o bá sọ pé ó mọ́? Ta ni ìbá mọ̀?"

Ọyáyẹmí padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jáde. Ó rẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Jẹ́láàní wí. Ó tún ọwọ́ fọ̀. "Màmá ò mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ò yé gbogbo èèyàn. Bọ̀n, ẹ jẹ́ ká jẹun, amíwò ń tutù." Ó na ọwọ́ sí itan àkùkọ.

Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan ẹran náà tí Fáyẹ́misí fi bẹ̀rẹ̀, tí ó gbé abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Fáyẹ́misí!" ni Ògúnmọ́lá kígbe. "Oúnjẹ ọlọ́wẹ̀ ni!"

"Mo mọ̀, Bàbá," ni ọmọ náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹni tó ṣiṣẹ́ ni mò ń wá."

Ó gbé e sórí apá méjèèjì, ó ń bọ̀ lọ́nà ilé ìdáná, kò wo ẹ̀yìn. Ìyá gidi ni ó yẹ kí ó dá a padà, kí ó bá a wí, kí ó bẹ àna. Ọyáyẹmí ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè kọjá.